Odindi àpótí tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtijọ́ tàbí tuntun: ìfiwéra fún ẹni tó ń kó ohun èlò ọwọ́ jọ sí gáráàjì ilé

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹlòmíràn, bàtà ni. Ẹlòmíràn, aago ni. Ní tèmi, sípánà ni, àti òòlù, àti páláyà, àti gbogbo irin tí kò ní wáyà tí kò ní bátìrì, tó jẹ́ pé ipá ọwọ́ ẹni nìkan ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Tí mo bá wọ gáráàjì lálẹ́, tí mo fa dúrọ́ọ̀ kejì jáde, tí mo rí àwọn sípánà àtijọ́ mi bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn láti mìlímítà 8 dé 19, ọkàn mi á balẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló rọ gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì rí wọn. Ó ku ẹyọ kan kí wọ́n pé: 18.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ èyí fún, àti ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ èyí tí òun ìbá mú nínú méjì. Màá gbé wọn kalẹ̀ ní méjì-méjì, màá sọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan fi dára, màá sì sọ èyí tí èmi yóò mú.

Odindi àpótí tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àpótí tí gbogbo nǹkan ti pé sínú rẹ̀ máa ń wọni lójú. Ẹ ṣí i, sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, irin oníhò tó ń bo orí nọ́ọ̀tì, ti jókòó sínú ihò tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í sì wọ́n tó bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́tọ̀. Àǹfààní kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí: bí ẹ bá parí iṣẹ́ tí ihò kan ṣófo, ẹ ti mọ̀ pé irin kan ṣì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára àpótí mú yín. Níbi tí wọ́n bá ti kọ 150 tàbí 200, ẹ ka iye sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ fúnra yín. Orí sukurudiráfà kéékèèké ló sábà máa ń kún nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n fo ìwọ̀n kankan. Àpótí tó ti 15 bọ́ sí 17 láìní 16 yóò já yín kulẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tí ọwọ́ yín ti kún fún gíríìsì.

Rírà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í yá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń pe irin wá. Lónìí, bíréèkì fẹ́ nǹkan kan; ẹ wá a, ẹ rà á, ẹ lò ó. Gbogbo ohun tó bá wà nínú dúrọ́ọ̀ yín á ní ọjọ́ tó wọlé àti iṣẹ́ tó bá wọlé. Ẹ ó sì lè mú èyí tó dára jù lọ́wọ́ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí kò sí ilé-iṣẹ́ tó mọ gbogbo rẹ̀ ṣe dọ́gba. Knipex ti ìlú Wuppertal ní Jámánì, ọdún 1882 ni wọ́n dá a sílẹ̀, páláyà àti ẹ̀mú ló sì gbájú mọ́ títí dòní. Ó hàn lára páláyà wọn.

Ìtàn sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ dá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà kan, ọwọ́ àti sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ irin kan náà. Iye ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́, iye ọwọ́ tí ẹ ó rà nìyẹn. Ní 1920, Joseph Johnson àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Milwaukee, Amẹ́ríkà, ya ọwọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì: ọwọ́ márùn-ún, sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, tí èyíkéyìí lè wọ èyíkéyìí. Bí ilé-iṣẹ́ Snap-on ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èmi á ra àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí ìwọ̀n rẹ̀ pé, èyí tí orí onígun mẹ́rin ráṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọwọ́ eléyín tó ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì, jẹ́ 3/8 íǹṣì. Nínú mẹ́ta tó wọ́pọ̀, 1/4, 3/8 àti 1/2, èyí àárín ló ń ṣe iṣẹ́ jù nínú ilé. 1/2 wà fún nọ́ọ̀tì táyà àti ohun tó le. Gbogbo ìyókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá fi kó o. Níbẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Àtijọ́ tàbí tuntun

Ibi tí mo ti ń pẹ́ jù nìyí, ẹ fara dà á fún mi.

| | Àtijọ́ | Tuntun |
|---|---|---|
| Irin | Ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún láìṣẹ́. Ó ti jẹ́rìí ara rẹ̀ | Orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ìdánilójú wọn nìkan ni ẹlẹ́rìí |
| Ìwọ̀n | Íǹṣì pọ̀ nínú wọn, nígbà míràn Whitworth, ìwọ̀n àtijọ́ ti England | Mìlímítà ló pọ̀ jù |
| Ara sípánà | Ó máa ń nípọn, ó wúwo lọ́wọ́ | Ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ ibi híhá |
| Ráṣẹ́ẹ̀tì | Eyín rẹ̀ kì í pọ̀. Ó fẹ́ àyè kí ó tó yí | Eyín rẹ̀ pọ̀. Àyè díẹ̀ tó o |
| Àbùkù tó ń fara pamọ́ | Sísán, ẹnu tó ti là, irin tí ẹnìkan ti fi sínú iná rí | Irin rírọ̀ tí wọ́n fi kúrómù dídán bò |
| Èyí tí màá mú | Òòlù, fáìsì (irin tó ń di nǹkan mú lórí tábìlì), kísẹ́ẹ̀lì, ìfági, sípánà | Ráṣẹ́ẹ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì, fáìlì, abẹ́ ayùn irin |

Fáìlì, irin eléyín tí a fi ń gbo irin, ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Fáìlì àtijọ́ lè lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n eyín tó bá ti jẹ lára rẹ̀ kò ní hù mọ́. Tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì dà wọ́n pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀ kan, torí fáìlì tó bá ń gbo fáìlì ń pa eyín ara wọn ni. Bákan náà ni abẹ́ ayùn irin. Ẹ kàn rántí pé ó kéré tán, eyín mẹ́ta gbọ́dọ̀ fara kan irin tí ẹ ń gé lẹ́ẹ̀kan náà. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fẹ́ eyín wínníwínní, bí 32 nínú íǹṣì kan, irin tó nípọn sì fẹ́ bí 18.

Tí ẹ bá gbé ohun èlò àtijọ́ sọ́wọ́, ẹ má tíì wo ìpẹtà. Ẹnu sípánà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ṣé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì tọ́, àbí ó ti ṣí bí ẹnu ẹni tó ń yán? Ẹ fi bóòtù kan dán an wò. Ẹ wo etí sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá ìlà sísán tín-ín-rín wà níbẹ̀. Ẹ mi páláyà. Bí ìṣó àárín rẹ̀ bá ń mì síwá-sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ kò ní pàdé mọ́. Ẹ wo orí kísẹ́ẹ̀lì irin: tí òòlù bá ti lù ú títí ó fi ṣẹ́ jáde bí olú, ẹ lọ̀ ọ́ dánu kí ẹ tó lò ó, torí èérún rẹ̀ lè fò wọ ojú. Ojú òòlù tó ti là, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe fi òòlù lu òòlù láé, irin líle méjì tó bá pàdé máa ń fọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpẹtà. Oríṣi méjì ni. Èyí tó pupa, tó ń ṣí bí ìyẹ̀fun tí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, kò ba irin jẹ́ tó bí ojú ṣe rí i. Èyí tó ti jẹ irin wọnú, tó fi ihò wínníwínní sílẹ̀, kò ní kúrò láé. Lára ọwọ́ sípánà kò burú, ṣùgbọ́n lẹ́nu kísẹ́ẹ̀lì tàbí lójú ìfági, ó ti bà á jẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti lò láti bọ́ ìpẹtà. Fínígà rọrùn jù, ó sì ń rùn. Ásíìdì sítíríìkì, bí 50 gíráàmù nínú líta omi kan, yára jù ú lọ, kò sì rùn. Èyí ni mo ń lò báyìí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí méjì-méjì, torí ásíìdì tó bá parí ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin fúnra rẹ̀. Tó bá ti mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, ẹ fi omi tí ẹ bu béékìn sódà sí ṣan án, ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ láìpa ọ́ìlì, ìpẹtà tuntun á ti bo ara rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni iná mànàmáná: omi tí a po sódà ìfọṣọ mọ́, ẹ̀rọ tó ń gba bátìrì ọkọ̀ láyè láti kún, àti àjákù irin kan tí yóò gba ìyà dípò. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ohun ńlá bíi fáìsì, ṣùgbọ́n ìta ni kí ẹ ti ṣe é torí ó ń tú gáàsì haidirójìn jáde tó lè gbiná. Àjákù irin náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún, nítorí kúrómù inú rẹ̀ á sọ omi náà di májèlé. Ìkìlọ̀ kan ṣì kù: àwọn ohun èlò kan láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n fi kádímíọ̀mù bò. Kò dán bíi kúrómù, ó sì lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ má ṣe fi pépà oníyanrìn họ ọ́, ẹ má sì fi í sínú iná, májèlé ni.

Kí ló dé tí mo fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí nígbà tí tuntun wà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti páláyà kan. Ìsàlẹ̀ garawa irin àlòkù ni mo ti rí i, ó ti tì mọ́ra, kò ṣí, kò pa. Ọjọ́ méjì ló fi wà nínú ọ́ìlì tó ń wọ irin kí ọwọ́ rẹ̀ tó mì, lẹ́yìn náà ni mo gbé e sínú ásíìdì. Bí mo ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ ni lẹ́tà ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Petersen, DeWitt, Nebr. Mo jókòó. William Petersen, alágbẹ̀dẹ tó ti Denmark lọ sí Amẹ́ríkà, ló ronú kan páláyà tó ń di nǹkan mú tí kò ní jù ú sílẹ̀. DeWitt ní Nebraska, ìlú kékeré, ni wọ́n ti ń rọ páláyà náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vise-Grip, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 2008. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti ibẹ̀ wá. Mo yí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi í di ọ̀pá kan mú, ó dún “káà”, ó sì dì í mú. Kò sí àpótí tuntun tó lè fún mi ní ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mìlímítà tàbí íǹṣì

Ohun tí ẹ ń tún ṣe ni kó yàn fún yín. Ọkọ̀ òde òní, mìlímítà ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4 gééré, nítorí náà àwọn kan súnmọ́ ara wọn débi tí èèyàn lè ṣìnà. 3/4 íǹṣì jẹ́ 19.05, ó bá 19 mu, kò sí ìjà. 5/16 jẹ́ 7.94, ó súnmọ́ 8, ẹ lè fi 8 yí i. Ṣùgbọ́n 1/2 jẹ́ 12.7: sípánà 13 á wọ̀ ọ́, á sì máa ṣípò lórí rẹ̀, lójijì igun nọ́ọ̀tì á yí dànù. 9/16 jẹ́ 14.29, 14 kò tilẹ̀ ní wọ̀ ọ́.

Ẹni tó ń kó àtijọ́ jọ gbọ́dọ̀ mọ Whitworth, tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní England ní 1841. Nọ́ńbà tó wà lára sípánà Whitworth kì í ṣe fífẹ̀ ẹnu rẹ̀; ìwọ̀n ara bóòtù ni. Ẹ ó rí 1/2 lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì fẹ̀ ju 1/2 lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ti rò pé sípánà náà ti bàjẹ́ ni.

Igun mẹ́fà tàbí igun méjìlá

Igun mẹ́fà, láìjiyàn. Mo mọ̀ pé méjìlá ń wọ nọ́ọ̀tì ní dígírì 30 kọ̀ọ̀kan nígbà tí mẹ́fà ń dúró de 60, ìyẹn sì wúlò pẹ̀lú sípánà olórùka níbi tó há. Ṣùgbọ́n bóòtù bíréèkì kan tó ti dógùn-ún ló kọ́ mi. Mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá sí i, mo fà á, ó dún, mo sì rò pé ó ti tú. Igun rẹ̀ ló ti jẹ. Ọ̀sán mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ọ̀nà yọ ọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ń ti ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì tó tẹ́jú, kì í sáré lọ bá igun nìkan.

Ní ti ráṣẹ́ẹ̀tì, ẹ pín 360 sí iye eyín rẹ̀. Eyín 24 fẹ́ dígírì 15 kó tó gbá nǹkan mú, 36 fẹ́ 10, 72 fẹ́ 5, 90 fẹ́ 4. Lábẹ́ ọkọ̀, ìyàtọ̀ 15 sí 5 ni ìyàtọ̀ àárín iṣẹ́ àti ìbínú. Mo mú 72. Ẹ má fi í tú nọ́ọ̀tì tó ti gan. Ọ̀pá gígùn tí kò ní eyín nínú ni kó kọ́kọ́ já a, kí ráṣẹ́ẹ̀tì wá máa yí i jáde. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n nọ́ọ̀tì tú, sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò, nítorí èyí oníkúrómù lè fọ́ mọ́ yín lójú.

Sípánà ẹnu kan tàbí èyí tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí ń pa

Èyí tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí ń pa, tí Johan Petter Johansson ti Sweden gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1892, dára fún nọ́ọ̀tì páìpù àti fún àpò ẹni tó ń rìnrìn àjò. Tí ẹ bá ń lò ó, ẹ yí i sí ìhà tí ipá yóò fi bọ́ sórí ètè tí kì í kúrò lójú kan, kì í ṣe sórí èyí tó ń rìn. Sípánà gidi ni mo fẹ́ràn, olórùka ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlẹ́nu ní ìkejì. Ẹ wo ẹnu náà dáadáa: ó tẹ̀ ní dígírì 15 sí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Níbi híhá, ẹ yí i díẹ̀, ẹ dà á dé ojú kejì, ẹ ó rí i pé ó tún wọ nọ́ọ̀tì kan náà.

Sukurudiráfà

Orí súkúrù alágbèlébùú kì í ṣe oríṣi kan. Phillips, tí ọkọ̀ Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1936, wà. Pozidriv wà, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín láàárín apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Ti Japan wà, èyí tó pọ̀ lára alùpùpù wọn. Ẹni tó bá fi Phillips tú gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ orí súkúrù run. Ẹ ra èyí tó dára ní Phillips ìwọ̀n 2 àti Pozidriv ìwọ̀n 2, kí ẹ sì fi èyí tí kò dára sílẹ̀. Torx, onírawọ̀ igun mẹ́fà tó jáde ní 1967, kì í tètè yọ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Èkù òòlù

Igi, fáíbà, tàbí irin látòkè délẹ̀. Irin kì í ṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo lílù ń wọ ìgúnpá. Fáíbà wà láàárín. Hickory, igi líle kan, ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, ó ń gbóná sí ọwọ́, bó bá sì ṣẹ́, ẹ lè gbẹ́ òmíràn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ẹ̀yin lẹ ó gbẹ́ ẹ fún un, orí òòlù kan náà á sì rí èkù mẹ́ta láyé rẹ̀. Igi ni mo mú.

Sípánà tó ń wọn ipá yíyí

Èyí tó ń dún “táà” nígbà tí ipá bá pé yára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà sí ìwọ̀n ìsàlẹ̀ jù tí ẹ bá parí, kí sípíríńgì rẹ̀ má bàa rẹ̀. Èyí tí ọ̀pá gígùn ń tọ́ka sí nọ́ńbà kò ní sípíríńgì, ó rọrùn, ó ń pẹ́ láyé. Ẹni tó ń yọ táyà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó mú èkejì.

Ògiri tàbí dúrọ́ọ̀

Dúrọ́ọ̀ ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ọ̀rinrin àti eruku. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ẹ ju àpò kékeré tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sí i. Ohun tó ní ìwọ̀n, bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti sípánà, ibẹ̀ ló yẹ. Ògiri ni ti òòlù, ayùn àti páláyà, ohun tí ọwọ́ ń nà sí láìwò. Mo kan pákó mọ́ ògiri, mo gbé ohun èlò kọ̀ọ̀kan lé e, mo fi léèdì fa ìlà yí i ká, kí àyè tó bá ṣófo lè pè mí kí n tó ti ilẹ̀kùn.

Ìlà kan wà lórí rọ́bà dúrọ́ọ̀ kejì náà tí kò tíì ní irin. Mo wọn gígùn 17, mo wọn ti 19, mo mú àárín wọn, mo sì yà á sílẹ̀ de 18 náà.